Wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ mi nílé ìtajà, owó sì lọ lẹ́ẹ̀mejì: kí ni kí n ṣe?

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra oúnjẹ àti ọṣẹ nílé ìtajà ńlá kan tí kò jìnnà sí Ọjà Atákúnmọ́sà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦18,400. Ọmọbìnrin tó ń gba owó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó mú un lọ sẹ́yìn káńtà níbi tí ẹ̀rọ POS wà, ó ní kí n pe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo pè é. Ó ní kò lọ, ó tún un ṣe. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé wọ́n ti yọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé olè ni ọmọ yẹn ni? Ṣé kí n kúkú jáwọ́ nínú káàdì, kí n padà sí owó béébà? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó burú bí mo bá ń fún ọmọ ọmọ mi ní káàdì náà kó lọ bá mi rajà."

Ìyá wa, ẹ kú àmójúkúrò o. Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn nínú ohun tí ẹ kọ, ó sì yẹ kí a tú wọn sọ́tọ̀ kí a má baà fi èyí tó kéré bo èyí tó tóbi mọ́lẹ̀. Owó tó lọ lẹ́ẹ̀mejì ló dùn yín jù, kò sì yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun gan-an ló rọrùn níbẹ̀, torí pé ó ní ọ̀nà tí à ń gbà tọ̀ ọ́, ó sì sábà máa ń padà. Èyí tí n kò fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ òní ṣú bá ni ti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ fi ẹnu ara yín pè láàárín èrò. Bí ẹ bá ti ka ìdáhùn yìí dé ibí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ ATM báǹkì yín kí ẹ yí nọ́ńbà náà padà, kí ẹ sì wá ka ìyókù nígbà tí ẹ bá dé. Nọ́ńbà tuntun náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdún tí wọ́n bí yín. Àwa àgbàlagbà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí kó má baà sọnù lórí wa, àwọn olè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé olè ni ọmọ náà? N kò rí ohun kan nínú àlàyé yín tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí káàdì bá wọ inú ẹ̀rọ POS, tí a sì tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ náà kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì yín, kò sì lágbára láti yọ kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀. Ìránṣẹ́ lásán ni. Ó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì sí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, ìyẹn á gbé e fún àwọn tó so báǹkì kan mọ́ èkejì, irú bíi Interswitch tàbí NIBSS, àwọn náà á sì gbé e dé báǹkì tiyín. Báǹkì yín ló ń wo àkáǹtì, tó ń yọ owó, tó sì ń dá èsì padà ní ọ̀nà kan náà tí ìbéèrè gbà wá. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dára, gbogbo àlọ àti àbọ̀ yìí kì í tó àkókò tí ẹ fi máa kó ọjà yín sínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lẹ́yìn tí báǹkì ti yọ owó, kí èsì tó dé, ẹ̀rọ tó wà lórí káńtà á ní kò ṣeé ṣe, olùtajà á gbà á gbọ́, kò sì ní jẹ́ pé ó purọ́. Níbẹ̀ ni "ẹ jẹ́ ká tún un fà" ti máa ń wọlé, níbẹ̀ náà ni owó sì ti ń lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà ilé ìtajà ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báǹkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ. Owó kejì yìí lè wà ní ọ̀kan nínú ibi méjì. Ó lè jẹ́ pé àtèkíní àtèkejì ló dé ọ̀dọ̀ wọn, tí àkáǹtì ilé ìtajà sì ti gba ₦36,800 fún ọjà ₦18,400; bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ló jẹ yín ní gbèsè, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní kí ẹ lọ bá báǹkì. Ó sì lè jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló dé ọ̀dọ̀ wọn, tí èkejì há sójú ọ̀nà; ọwọ́ báǹkì yín ni ìyẹn wà. Ẹ̀rọ POS ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó bá ṣe, ilé ìtajà sì lè tẹ rìsíìtì àtẹ̀yìnwá jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ mú alẹ́ẹ̀tì méjèèjì dání, kí ẹ ní kí wọ́n fi wákàtí àti ìṣẹ́jú tó wà lára rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ tiwọn. Kò gba ìjà rárá.

Ẹ béèrè rìsíìtì ti èyí tí wọ́n ní kò lọ náà, nítorí òun gan-an ló níye lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni wọ́n máa ń sọ sínú àpótí ìdọ̀tí. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RRN, òǹkà méjìlá ni, òun ni báǹkì fi ń wá owó kan ṣoṣo jáde láàárín ẹgbàágbèje. Èsì tí báǹkì dá padà náà sábà máa ń hàn ní òǹkà méjì. Bó bá jẹ́ 00, báǹkì ti gbà á. Bó bá jẹ́ 51, owó inú àkáǹtì kò tó. 55 ń sọ pé nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kò bára mu. 91 sì ń sọ pé ọwọ́ kò tó báǹkì tó ni káàdì lásìkò náà. Ẹni tó rí 51 tàbí 55 lè fi ọkàn balẹ̀ pé owó kò tíì kúrò níbi kankan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 91, tàbí tí ẹ̀rọ kàn ń sọ pé òun kò rí èsì gbà, kí èèyàn kọ́kọ́ wo iye tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù kó tó gbà kí wọ́n tún káàdì fà. N kì í gbẹ́kẹ̀ lé alẹ́ẹ̀tì nìkan fún èyí, torí alẹ́ẹ̀tì náà ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá, ó sì lè dé lẹ́yìn tí ẹ ti dé ilé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe yín.

Bó bá já sí ọwọ́ báǹkì, owó náà lè ti padà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí CBN, ti pa á láṣẹ pé owó tó bá há nídìí POS gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ oníbàárà láàárín wákàtí 72. Bí àsìkò yẹn bá kọjá, ẹ kọ̀wé. Ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó sí káńtà kí ẹ sì máa lọ, torí ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ẹ̀ka káàdì ní báǹkì kan, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń bọ́ sọnù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye owó, orúkọ ilé ìtajà, RRN, àti òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì sínú lẹ́tà náà; mẹ́rin tó kẹ́yìn ti tó, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn yín sí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní CBN, ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ náà ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè.

Láàárín ọjọ́ tí ẹ fi ń dúró, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé báǹkì ni òun ti ń pè, pé òun fẹ́ dá owó yín padà, kí ẹ ka òǹkà tó wà lára káàdì fún òun tàbí kí ẹ sọ nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, gbájú-ẹ̀ ni onítọ̀hún. Owó tó ń padà bọ̀ sínú àkáǹtì kò nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹnikẹ́ni kó tó mọ ọ̀nà ilé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí káàdì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èmi ti rí ewu. Ohun mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá mú káàdì dání, ọ̀nà tí olè sì ń gbà jí ìkọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni irin pélébé aláwọ̀ wúrà tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní chip. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni àwọn báǹkì wa ti ń lò ó, òun ló sì jẹ́ kí káàdì òde òní ṣòroó dà kọ. Ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn káàdì ń sọ ohun kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá kà á, lónìí, lọ́la àti títí láé, ẹni tó bá dà á kọ lẹ́ẹ̀kan ti ní i nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin yìí máa ń ṣe àmì tuntun fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan, èyí tí báǹkì kò ní gbà lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí wọ́n ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ ju kí wọ́n fi ìlà dúdú fà á lọ. Ẹnu ṣì ń pè é ní "fífà", ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á ní ti gidi bí irin náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Èkejì ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, tí ọmọ ìgbàlódé ń pè ní PIN. Òǹkà mẹ́rin péré ni, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló dúró láàárín ẹni tó jí káàdì yín àti gbogbo owó ìfẹ̀yìntì yín. Ẹni tó bá kàn ń méfò, káàdì sábà máa ń tì mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn àṣìṣe mẹ́ta. Ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kò ní méfò rárá. Kì í sì í ṣe ọmọbìnrin ìtajà yẹn nìkan ló gbọ́ ọ. Àwọn tó tò sẹ́yìn yín náà ní etí. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ fi ọwọ́ kejì ṣíji bo bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ má tijú, kò sí ẹni tó máa rò pé ẹ ń pe òun lólè.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Òǹkà gígùn tó wà níwájú káàdì, oṣù àti ọdún tí káàdì máa parí, àti òǹkà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bí ẹnìkan bá ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì yín ní fọ́tò, ó ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ibi ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀ òkèèrè tí kì í béèrè ju èyí lọ, wọn kì í béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, wọn kì í sì í fi nọ́ńbà kankan ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí wọ́n tó gba owó. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn káńtà ti tó fún fọ́tò méjì. N kò sọ pé wọ́n yà á o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ kò sì lè búra pé wọn kò yà á. Bí ẹ kì í bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí báǹkì ti ọ̀nà yẹn pa lórí káàdì yín. Àwọn kan tún máa ń lẹ bébà kékeré bo òǹkà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ pamọ́ sílé, kò burú.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Ẹ̀rọ POS tó pọ̀ jù lọ ní bátìrì àti síìmù tirẹ̀ nínú, ó ṣeé gbé kiri bíi fóònù. Kí wọ́n gbé e wá bá yín. Bí wọ́n bá ní ó ń gba iná lọ́wọ́, ẹ̀yin ẹ yí káńtà ká lọ bá a. Èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà sì ni, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé bí àwọn baba wa ṣe di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní òṣómàáló. Wọ́n á ta aṣọ àwìn, ọjọ́ owó á pé, wọ́n á lọ sí ìloro onígbèsè, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ òṣómàáló kúrò nídìí owó rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀".

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ pàdánù nígbà tí ẹ kò rí ojú ẹ̀rọ. Iye owó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ kí ó tó béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo ra epo ₦3,500 nílé epo kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ta epo sì gbé ẹ̀rọ wá fún mi kí n tẹ nọ́ńbà. ₦35,000 ló wà níbẹ̀. Òdo kan ló fi lé e. Mo gbà pé ìkánjú ni, torí ọkọ̀ pọ̀ lẹ́yìn mi, òun náà sì bẹ̀ mí dáadáa. Ká ní mo ti pe nọ́ńbà mi fún un láti inú ọkọ̀ ni, ǹ bá ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn sáré lé owó mi kiri. Bí iye tí kò tọ́ bá ti lọ, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá ìyàtọ̀ padà, ní owó béébà tàbí sínú àkáǹtì yín.

Bí ẹ bá rí àmì bí ìgbì mẹ́rin tó tẹ̀ kọ̀rọ̀ lára káàdì yín, ó lè sanwó láìwọ inú ẹ̀rọ àti láìbéèrè nọ́ńbà, nípa fífi í kan ojú ẹ̀rọ lásán. CBN fi òdiwọ̀n sí i ní ọdún 2023, pé kò gbọ́dọ̀ ju ₦15,000 lọ lẹ́ẹ̀kan àti ₦50,000 lójúmọ́ láìsí ìfìdímúlẹ̀ mìíràn. Ó yára, káàdì kò sì kúrò lọ́wọ́ yín, ìyẹn dára. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá rí i he lè ná an títí dé òdiwọ̀n náà kí ẹ tó mọ̀. Fún ẹni tó bá máa ń gbàgbé báàgì káàkiri, mo máa ń gbà á níyànjú pé kí báǹkì pa á.

Nípa ti pé kí ẹ padà sí owó béébà, n kò gbà. Ẹni tó wà ní Iléṣà ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà tí a sì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, kò ní fẹ́ kó gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ sínú owó béébà mọ́. Ẹ fi owó béébà ra ata àti ẹ̀fọ́, kí ẹ fi káàdì ra ọjà ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ ya àkáǹtì méjì sọ́tọ̀. Inú àkáǹtì gan-an ni káàdì báyìí ti ń mú owó, kì í ṣe owó báǹkì ló ń ná kó tó wá gbà á lọ́wọ́ yín níparí oṣù. Bí olè bá kó o, owó yín ló ti lọ, ẹ̀yin lẹ máa máa lépa rẹ̀. Kí owó ìfẹ̀yìntì máa wọ àkáǹtì tí kò ní káàdì rárá, kí ẹ sì máa ti ibẹ̀ rọ ìwọ̀n tí ẹ máa ná lọ́sẹ̀ sínú èkejì. Kí ẹ tún béèrè nọ́ńbà tí báǹkì yín ń lò láti fi ti àkáǹtì pa láti orí fóònù èyíkéyìí, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, torí bí wọ́n bá jí báàgì, fóònù náà máa ń bá a lọ.

Ní ti ọmọ ọmọ yín, mo mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni, síbẹ̀ ẹ má fún un. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, báǹkì lè sọ pé ọwọ́ ara yín ni ẹ fi tú àṣírí nọ́ńbà náà, kí wọ́n sì kọ̀ láti dá owó padà. Ọmọ náà á wá di ẹni tí gbogbo ilé ń wò bákan láìmọwọ́mẹsẹ̀. Kó lọ sí ìtajà, kó pè yín nígbà tí wọ́n bá ṣírò ọjà tán, kí ẹ sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé ìtajà láti ilé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé orúkọ tó jáde lórí fóònù yín ni orúkọ wọn.

Ohun kan tún kù tí ó yẹ kí n ti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni káàdì àwọn oníbàárà báǹkì kan, mo sì ti rí ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú káàdì ẹlòmíràn nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, tí tirẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Pẹ̀lú gbogbo àlọ àti àbọ̀ ẹ̀yìn káńtà ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú káàdì tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, kí ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.